Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n gàdàgbà:
ÌBÀDÀN, OṢÙ KẸJỌ, ỌDÚN 1971.
Ọkùnrin kan ti kú sẹ́yìnkùlé,
bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀.
Ìyá àgbà fa ìrọ̀rí mọ́ra. Gúgúrú dúró lẹ́nu mi.
Àwọn ìgárá já sí títì, wọ́n kó sínú mọ́tò,
mọ́tò bú ramúramù,
ni Bàbá àgbà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Fáìfù-Ò-Fáìfù!
Ẹ wá wo Píjò tí ìyá ẹ̀ ò tíì lóyún ẹ̀
tó ń gbé olè sá n'Íbàdàn!"

Ní Màkún, ní Ṣàgámù, àádọ́ta ọdún ó dín díẹ̀
ni Bàbá àgbà, Odùfùwà oníṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì,
fi na ara ọkọ̀ tó bá wó wọnú.
Òòlù wọn mọ egungun ìhà Mọ́rísì,
ó mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọpẹ́ẹ̀lì,
ó mọ ibi kọ́lọ́fín tí ìpẹtà ti ń jẹ Dátsùn
kí olówó ọkọ̀ tó fura.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ jẹ́ á mọ ẹni tó pa á ná!"
"Ta ló bèèrè ẹni tó pa á?
Ẹ wo nọ́ńbà iwájú ẹ̀. O, G.
Ìpínlẹ̀ Ògùn wo, lọ́dún náà?
Ìwọ̀-Oòrùn là ń jẹ́, W ló ń ṣíwájú.
Ìpínlẹ̀ tó ku bí ọdún márùn-ún kí wọ́n tó dá a sílẹ̀
ti wà lára bọ́ńpà!"

Ọlọ́pàá gbá tẹ̀ lé olè, ó di eré àsápajúdé.
Ìka Bàbá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì:
"Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà!
Òsì là ń gbà nígbà yẹn.
Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e la tó yí i,
lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ pàápàá ò mọ ibi tí yóò wò
kó tó sọdá."

Mo ní, "Bàbá, eré lásán ni."

Wọn ò dá mi lóhùn.
Ọkọ̀ ọlọ́pàá tẹ bíréèkì,
iná kẹta tàn pupa rodo láàárín gíláàsì ẹ̀yìn,
iná tí ọkọ̀ kankan ò ní láyé ìgbà náà.
Mo rí i. Mo retí kí wọ́n bú u.
Wọn ò bú u.

"Ọdún yẹn náà," ohùn wọn ti yí sí ti Rẹ́mọ,
"ni wọ́n ja olóbì kan lólè lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́.
Ẹlẹ́rìí wò ó lójú fèrèsé, lóru, kò sí òṣùpá,
ó ní Ọpẹ́ẹ̀lì pupa ni.
Ta ló ní Ọpẹ́ẹ̀lì pupa ládùúgbò wa bí kò ṣe Ṣólàrú?

"Mo gbọ́ ọkọ̀ tó kọjá lóru náà.
Orí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ń sùn.
Fíátì ni. Sáléńsà ẹ̀ ti lu.
Ọpẹ́ẹ̀lì Ṣólàrú, a ti tú u palẹ̀ láti àárọ̀,
ilẹ̀kùn ẹ̀ méjì fara ti ògiri lókè orí mi.
Ọ̀gá ní n panu mọ́, pé ọlọ́pàá á ti ṣọ́ọ̀bù pa.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí.
Mo panu mọ́."

Fíríìjì ń kùn ní kọ̀rọ̀.

"Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n jù ú sí.
Lọ́jọ́ tó dé, mo lọ pàdé ẹ̀ ní Sábó.
Ó dúró sétí títì, ó ń wo apá òdì,
ó wò ó títí,
tírélà sì ń bọ̀ láti ìhà kejì.
Èmi ni mo fà á lẹ́wù."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún nínú tẹlifíṣọ̀n.
Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́: "Mo ti mọ̀! Àbúrò ìyàwó ni!"
Bàbá àgbà wọ́ àga sún mọ́ iwájú.
"Ọkọ̀ wo ni ẹlẹ́rìí ní òun rí?
Dá a padà sẹ́yìn."

Mo dá a padà sẹ́yìn.